Nígbà tí ẹ̀fọ́ di ènì ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìkòkò tó ń bọ́ èèyàn jù lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò sí nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bá títì ló wà, lábẹ́ agbòòrùn, lẹ́nu ọ̀nà agboolé, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì ṣí. Aago mẹ́fà ìdájí kì í tíì lù tí ìyá alákàrà á ti da epo sínú agbada. Oníẹ̀wà agọ̀yìn á ti gbé ìkòkò kalẹ̀, ọmọ tó ń ta búrẹ́dì Agége á sì ti wá dúró tì í. Àwọn tó ń lọ ṣí ìsọ̀ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà á jẹun níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé náà á jẹun níbẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó kan ìrẹsì, ẹ̀bà àti àmàlà. Lálẹ́, tí ọjà bá ti tú, oúnjẹ á tún kún àdúgbò títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Ọ̀pọ̀ yàrá tí a ń gbé kò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni ìdílé bíi mélòó kan fi ń dáná, gáàsì sì ti wọ́n. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ dúró nídìí ọjà kò ní okun tí yóò fi máa já ẹ̀fọ́ lálẹ́, n kì í sì í dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilé tó pọ̀ ládùúgbò wa, tí a gbé ẹnì kan tó ṣì lágbára dáadáa délé tòun ti apá àti ẹsẹ̀ kan tó ti rọ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kí n máa bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tí gbogbo wọn ń retí ni pé ká pe ìpàdé, ká pe nọ́ọ̀sì kó wá bá wa sọ̀rọ̀. A pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ó fi sùúrù sọ ọ́, àwọn èèyàn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde síta, ohun tó wà nínú agbada àti nínú ìkòkò ẹ̀bá títì náà ló kù tí wọ́n lè rà. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wọn. Alhájà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wa ló wò ó tó sọ pé, "Àwọn tó ń jẹ ẹ́ la pè, a ò pe àwọn tó ń sè é."

Báyìí la ṣe lọ bá àwọn olóúnjẹ. Ọ̀nà tí a gbà lọ ṣe pàtàkì, mo sì máa ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí níbi tirẹ̀. A ò mú ìwé dání. A ò sì lọ nígbà tí wọ́n ń tajà lọ́wọ́, nítorí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. A dúró dìgbà tí wọ́n ń fọ abọ́, Alhájà ṣíwájú, a kúnlẹ̀ kí àwọn tó jù wá lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń tètè tán nínú ọjà yín? Kí ló ń ṣẹ́kù? Kí làwọn oníbàárà máa ń kùn sí?

Ìdáhùn wọn kọ́ mi lọ́gbọ́n tí kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì sọ fún mi pé ó wu òun kí òun máa se ẹ̀fọ́ sí i. Ọbẹ̀ ata tó bá ṣẹ́kù, òun lè sè é gbóná di ọjọ́ kejì. Ẹ̀fọ́ tó bá ṣẹ́kù, òun ti pàdánù owó nìyẹn. "Tíṣà," ó ní, "ẹ̀fọ́ kì í dúró de oníbàárà o." Òmíràn ní owó ọwọ́ oníbàárà ló ń pàṣẹ. Alábàárù tó fẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán gbé òun dé alẹ́, ìrẹsì àti ẹ̀bà ni owó rẹ̀ lè rà tí ikùn rẹ̀ á fi kún. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n bu ìrẹsì rẹ̀ kù kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ dí i, ìjà ló dá sílẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó ọjà sì fò sókè, ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i. Ẹni tó bá ń sọ fáwọn èèyàn wa pé kí wọ́n jẹ èso àti ẹja, tí kò sì sọ ibi tí owó rẹ̀ á ti wá, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ènì ló là á fún wa. Kò sí ẹni tó ń ra oúnjẹ l'Ékòó tí kì í ní kí wọ́n fi ènì sí i, kò sì sí olóúnjẹ tí kì í fún un. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe ènì tẹ́lẹ̀, tàbí omi ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀. Alhájà béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé ènì ò lè jẹ́ ẹ̀fọ́ ni. Kí oníbàárà gba gbogbo ohun tó san owó fún, kí ẹnikẹ́ni má bu ìrẹsì rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n tó bá ní kí wọ́n fi ènì sí i, ẹ̀fọ́ ni kí wọ́n bù. Ẹgbẹ́ gbà láti fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀fọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn olóúnjẹ má bàa pàdánù. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní àwọn á máa wò ó ná.

Ní Mile 12 la ti ń ra ọjà, nítorí ó dín sí ti ẹnu ọ̀nà ilé. Owó ọkọ̀ láti Erékùṣù lọ síbẹ̀ kì í jẹ́ kí olóúnjẹ kan ṣoṣo dá lọ. Ẹnì kan ló ń lọ ní ìdájí báyìí, tó ń ra ti gbogbo wọn pọ̀, wọ́n á sì pín owó ọkọ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ la máa ń rà jù, nígbà mìíràn gbọ̀rọ̀ tàbí ewédú, bí ọjà bá ṣe rí. A kì í ra èyí tó wọ́n lọ́jọ́ náà.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí sísè rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi gan-an wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gé ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ títí, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á sì da omi rẹ̀ nù. Omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sí gọ́tà yẹn ti gba púpọ̀ nínú fítámì C àti fólétì, èròjà méjì tó ń ṣe ara lóore, tó wà nínú ẹ̀fọ́ náà lọ. Ewúro àti òdú ní kíkorò tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọ̀ kúrò, mo gbà bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ ò ní. Ohun tí wọ́n nílò ni pé kí wọ́n fọ̀ wọ́n dáadáa nígbà tí ewé ṣì wà lódindi, kí iyanrìn jáde, kí wọ́n wá gé wọn, kí wọ́n sì dà wọ́n sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn olóúnjẹ fẹ́ràn èyí ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí kì í jẹ gáàsì. Epo pupa díẹ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ náà wúlò: inú pípọ́n epo ni ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A wà, epo ló sì ń jẹ́ kí ara rí irú rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀fọ́ gbà. Ẹni tó bá yọ́ epo pupa lórí iná títí tó fi funfun ti sun oore yẹn nù.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá jókòó nídìí ìyá onírẹsì, ó wo abọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀fọ́ mi dà?" Ìyá onírẹsì fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi nílé lọ́jọ́ náà, ayọ̀ rẹ̀ ò sì kéré. Ẹgbẹ́ ò ra ẹ̀fọ́ fún wọn mọ́ báyìí. Àwọn olóúnjẹ ló ń dá owó jọ láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń gba owó kékeré lórí ẹ̀fọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú sí i pé ṣebí ènì la pè é. Ní tèmi, inú mi dùn sí i. Ohun tí olóúnjẹ bá ń jèrè lórí rẹ̀ kò ní kúrò nínú ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá tán.

Iyọ̀ le ju ẹ̀fọ́ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Inú ìwọ̀n kékeré yẹn la ti máa yọ iyọ̀ inú búrẹ́dì, iyọ̀ inú nóòdù bíi Indomie, iyọ̀ inú ẹja gbígbẹ, àti ti mágí. Àwọn èèyàn wa kì í ka mágí mọ́ iyọ̀. Olóúnjẹ kan ń já a sínú ìkòkò lójú mi bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà, ó sì fi tọkàntọkàn sọ fún mi pé òun kì í lo iyọ̀ púpọ̀. Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. A bá wọn dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí ahọ́n máa ń kọ́ra: ọbẹ̀ tí wọ́n bá dín iyọ̀ rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà á mọ̀ kíá, ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu á bá a lọ. Irú ló ràn wá lọ́wọ́ jù, pẹ̀lú edé lílọ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀, atalẹ̀ àti efinrin. Àwọn tó ń ta irú máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́, nítorí náà kí èèyàn ṣàn án kó tó dà á sọ́bẹ̀. Ìyá kan tún ronú ohun tí èmi ò ronú kàn. Ó kó gbogbo ike iyọ̀ orí tábìlì rẹ̀ kúrò, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á béèrè. Àwọn tó ń béèrè ò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ò wọ àwọn ọkùnrin létí rárá títí nọ́ọ̀sì náà fi gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta dáráfù nírọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn, ó lè wà lára ẹni fún ọdún gbọọrọ láìfọhùn. Ibi tí ìwọ̀n bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò yí padà, ilé ìwòsàn ló kàn. Nígbà tí ẹnì kan nínú wọn rí iye tirẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn na apá. Àwọn ìyàwó wọn ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà ló gbà wọ́n lọ́kàn.

Ẹ̀wà ní àbùkù kan lójú àwọn ará wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́: wọ́n kà á sí oúnjẹ ẹni tí kò rí ẹran rà. Ohun tí mo fi ń dáhùn ni fréjọ̀nù. Ẹni tó bá dàgbà ní Erékùṣù Èkó mọ̀ pé tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣáájú Àjíǹde, àwọn Àgùdà ní agbègbè Campos àti Pópó Àgùdà á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi omi àgbọn sè é, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Àwọn baba ńlá wọn tó padà dé láti Bràsíìlì ló kó àṣà náà wálé. Abọ́ fréjọ̀nù á máa ti ilé kan bọ́ sí èkejì, àwa Mùsùlùmí náà a sì máa retí tiwa. Ẹ̀wà ni ọba oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn, olówó àti tálákà ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí a bá ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀wà, abọ́ yẹn la máa ń rán wọn létí, ojú wọn á sì yí padà.

Ẹ̀wà ti wọ́n kọjá ohun tí a mọ̀ ọ́n sí, ìyẹn la fi dá àjọ ẹ̀wà sílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ á dá owó, a ó ra odindi àpò, a ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n pín. A ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé kò lè dá tó owó kóńgò kan. Ìlàjì kóńgò ní àyè, dẹ́ríkà kan náà ní àyè.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló gbà mí ní sùúrù jù, nítorí ìyá ọmọ kọ́ ló ń pinnu ohun tí ọmọ á jẹ. Ìyá àgbà ni. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa àìsàn àwọn ọmọdé tó rí ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí: ẹsẹ̀ wọn wú, ara wọn ń bó. Ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n fi gbà wọ́n lẹ́nu ọmú. Àìsàn yẹn la wá mọ̀ sí kwashiorkor. Àgbàdo nìkan ni ògì wa náà, omi rẹ̀ sì pọ̀. Ọmú ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ògì lásán kò lè tó o. Kí wọ́n da ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sóyà lílọ̀ sí i, tàbí kí wọ́n lọ ẹja ṣáwá gbígbẹ kúnná, kí wọ́n yọ eegun rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ ò tó ti agolo mílíìkì tí àwọn ìyá ọmọ ń jẹ gbèsè rà.

Ìyá àgbà kan gbọ́ èyí, ó sì gbà. Nígbà tí mo dárúkọ ẹyin, ojú rẹ̀ le. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi máa jalè ni?" Gbogbo wa la gbọ́ ọ ní kékeré pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran á di olè. N ò bá a jiyàn. Àwọn tó tọ́ ọ dàgbà ló fún un ní ọ̀rọ̀ yẹn, ìfẹ́ tó ní sí ọmọ náà ló sì fi ń pa á mọ́. Mo bi í pé, "Ìyá, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ńkọ́? Ṣé ọmọ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ ni?" Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mọ́ínmọ́ín ni oúnjẹ ọmọ. Ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, ẹja wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tí mo ń lọ, ó sì gbà kí ọmọ máa jẹ ẹ́. Títí di òní, ẹyin sísè lásán ò wọlé fún ọmọ yẹn. Èyí tó wà nínú mọ́ínmọ́ín ń wọlé.

Ní ti mínírà, ìjọba ti gbìyànjú díẹ̀. Òfin ìṣúná ọdún 2021 bu owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́ṣúgà. Ẹni tó bá ra ìgò 50 cl, ₦5 ló kàn án. Mo fara mọ́ òfin náà, ṣùgbọ́n ₦5 ò lè dá ọmọ kankan dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, bíi ṣíbí tíì méjìlá. Tí mo bá fi ṣíbí wọn ṣúgà náà sínú abọ́ níwájú àwọn ìyá, tí mo ní kí wọ́n wò ó, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo tún ní láti sọ. Zóbò la fi rọ́pò rẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ẹgbẹ́ wa: òdòdó ìṣápá, atalẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tòun ti èèpo rẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, kí ṣúgà tó wọ ibẹ̀ má sì pọ̀. Zóbò tí wọ́n bá da ṣúgà sí bí wọ́n ṣe ń dà á ní ọ̀pọ̀ ibi ò sàn ju mínírà lọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó, Erékùṣù Èkó sì wà lára ibi tó ti jà jù. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n sá fún ohunkóhun tí iná ò tíì kàn, wọn ò sì jẹ̀bi. Omi tí àwọn mẹ́rúwà ń tì kiri nínú kẹ́ẹ̀gì, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n? Àsìkò yẹn la fi ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ra èso tó wà nínú èèpo tirẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀sàn tí wọ́n á fi ọwọ́ mímọ́ bó fúnra wọn, kí wọ́n fi bàrà àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá sílẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti dúró láti ìgbà náà. Ẹni tó bá sì jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́, kó jẹ ọ̀sàn lé e, nítorí fítámì C ọ̀sàn máa ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú wọn gbà, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tíì ni kó sún síwájú díẹ̀, nítorí ó ń dí ìyẹn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló kù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìgbàgbọ́ tó gbòde ni pé àmàlà tàbí ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n á sì jẹ òkèlè ńlá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ara nígbẹ̀yìn, àmàlà, ẹ̀bà, wíìtì àti ìrẹsì, kódà bí ọ̀kan bá tilẹ̀ yára ju òmíràn lọ. Òkèlè kan, ẹ̀fọ́ tó kún abọ́, ẹja tàbí ẹ̀wà: bí mo ṣe ń sọ fún wọn nìyẹn. Oògùn dókítà ni kí wọ́n má fi sílẹ̀ nítorí àgbo, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti sin òkú lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹnu géètì ilé ìwé ló kàn wá báyìí. Bisikíìtì, swíìtì àti mínírà ló kún ibẹ̀. Méjì nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti ní àwọn ṣe tán láti máa gbé àgbàdo sísè, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀sàn wá, bí ẹgbẹ́ bá lè máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ní táàmù àkọ́kọ́, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù kò ní oníbàárà. Ọ̀gá ilé ìwé gbà, ó kàn ní kí wọ́n máa bo ọjà wọn. Ìyá alákàrà ti ní òun á máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n jù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ìdajì owó. Alhájà ní kí n lọ bá àwọn tó kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n sì mú ọmọ ilé ìwé kan tàbí méjì dání, kí àwọn olóúnjẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn fúnra wọn, èyí tí wọ́n á rà àti èyí tí wọn ò ní rà.